ÒJÒ ÀKỌ́RỌ̀ BÁ WA L'ÓKÈ ÀDÓ

  Ọ̀rọ̀ kan ló ń jà ràn-ìn nínú ọjà láti ọjọ́ tí a ti dé, ó sì ti dé etígbọ̀ọ́ wa. Wọ́n ní àwọn ìyá mẹ́jọ kan fi owó ẹgbẹ́ gba bọ́ọ̀sì, wọ́n lọ wo òkè, wọ́n lọ wo omi, wọ́n sun òru méjì síta bí ọmọ tí ò ní ilé. Òótọ́ ni pé a wo òkè. Òótọ́ ni pé a wo omi. Òru méjì yẹn náà, inú mọ́tò la sùn, a ò purọ́. Ṣùgbọ́n owó ẹgbẹ́ kọ́ la fi lọ. Oníkálukú ló san tiẹ̀. Owó epo àlọ nìkan la yá nínú àpò ẹgbẹ́, a sì ti dá a padà. Ẹni tó bá ń ṣiyèméjì, ìwé ń bẹ lọ́wọ́ akápò, kó lọ wò ó. Mo ní kí n rò ó bó ṣe rí gẹ́lẹ́, torí pé ìpàdé tó ń bọ̀ la máa fẹnu kò sí i bóyá ká tún lọ àbí ká má lọ mọ́, kò sì dáa kó jẹ́ àhesọ lẹ máa fi dìbò.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ta èlùbọ́ mọ ohun tójú wa rí lọ́wọ́ àwọn alárọ́ọ̀bọ̀ lọ́dún tó kọjá. Ẹ ó ṣí ẹnu àpò, gbodo tó wà lókè á funfun, á dún kọ́kọ́kọ́ bí ẹ bá fi lu ara wọn. Ẹ ó kó o dé ìdajì, ẹ ó bá èyí tó ti bu, tó ti dúdú, tó ń rùn. Oníbàárà kan gbé kóńgò mẹ́ta padà wá bá Ìyá Elélùbọ́ ti Bẹẹrẹ, ó dà á sílẹ̀ níwájú ìsọ̀ rẹ̀, gbogbo ọjà ń wò. Ìyá yìí ti ń ta èlùbọ́ kí n tó dáyé. Ó sunkún lọ́jọ́ yẹn. Òun ló ní ká lọ sí Òkè-Ògùn fúnra wa lọ ra èlùbọ́ lọ́wọ́ ẹni tó sá a, kí òjò tó wọlé tán.

Ní ti òru tí a sùn sínú mọ́tò, ẹ jẹ́ kí n sọ èyí ná. Àwọn òyìnbó ní irú ọkọ̀ kan tí wọ́n fi ń ṣe ilé. Bẹ́ẹ̀dì wà nínú ẹ̀, àdìrò gáàsì wà nínú ẹ̀, òmíràn tiẹ̀ ní ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Bàbá, ìyá àtọmọ á wọ inú ẹ̀, wọ́n á máa lọ láti òkè dé òkè, láti adágún dé adágún, ibi tí ilẹ̀ bá ṣú wọn sí ni wọ́n ń sùn, wọ́n sì ń ná owó gidi lé e lórí. Ọmọ ẹnìkan nínú wa tó wà ní London ló fi fọ́tò ọ̀kan ránṣẹ́. Ìyá Elélùbọ́ wò ó títí, ó ní, "Èyí ni wọ́n ń pè ní ìgbádùn? Ṣebí bọ̀lẹ̀kájà tí ìyá mi ń wọ̀ lọ sí Ṣakí nìyí." Òótọ́ ló sọ. Àwọn ìyá wa tó ṣe òwò lọ́nà Òkè-Ògùn láyé ọkọ̀ onípákó, orí ẹrù ni wọ́n ń sùn, ìdí ọkọ̀ ni wọ́n ti ń dáná, kò sì sẹ́ni tó ya fọ́tò wọn.

Bí a ṣe tún bọ́ọ̀sì ṣe nìyẹn. A ní kí dírẹ́bà tú àga ẹ̀yìn kúrò, a tẹ́ ẹní méjì síbẹ̀, a gbé sítóòfù kẹrosíìnì wọlé, àti gààrí, epo, iyọ̀, kẹ́ẹ̀gì omi mẹ́ta, pẹ̀lú tapólì ńlá kan tí a fi máa bo ẹrù lórí ọkọ̀. Ẹ rántí tapólì yẹn.

Oṣù kẹrin ni. Òjò ti rọ̀ lóru tó ṣáájú, nígbà tí a fi máa pàdé nísàlẹ̀ Màpó lẹ́yìn ìrun àsùbáà, kùrukùru ti bo òkè débi pé àwọn òpó Gbọ̀ngàn Màpó, tí wọ́n ṣí lọ́dún 1929, ń hàn lókè ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ wọn ò hàn. Ó dà bí ẹni pé ilé náà ń léfòó. Gbogbo ọdún tí mo ti ń gba abẹ́ ibẹ̀ kọjá lọ sọ́jà, n ò tíì rí i bẹ́ẹ̀ rí. Àbí mo ti rí i, n ò kàn gbójú sókè ni.

A gba Mọ́kọ́lá, Sáńgo, Òjóò, a já sí Mọ́níyà. Ọ̀nà Mọ́níyà sí Ìsẹ́yìn, kìlómítà 65, ni ìjọba ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ tún ṣe nínú sáà àkọ́kọ́ Gómìnà Makinde (2019 sí 2023), ẹni tó bá ti gba ibẹ̀ nígbà tó fi jẹ́ kòtò lé kòtò á mọ ìyàtọ̀. Oòrùn yọ nígbà tí a dé Ìjàyè. Ìjàyè yìí náà ni ti Kúrunmí, tí Ìbàdàn bá jagun láti 1860, tí wọ́n sì tú u ká ní 1862. Ìyá Aláṣọ, tí ìyá ìyá ẹ̀ jẹ́ ọmọ Ìjàyè, ní tó bá jẹ́ pé omi la fẹ́ rà níbẹ̀, ká jẹ́ kí òun sọ̀kalẹ̀, ká má pariwo pé Ìbàdàn ni wá. A rẹ́rìn-ín títí a fi kọjá ìlú.

Ní Ìsẹ́yìn, oòrùn mú bí iná. A ò pẹ́ níbẹ̀. Ẹ̀yin aláṣọ òkè tó ń ná Ọjà Ọ̀jẹ́ mọ Ìsẹ́yìn jù mí lọ, n ò ní fi ọ̀rọ̀ òfì yọ yín lẹ́nu. Láti ibẹ̀ ni a ti yà sí ọ̀nà Àdó-Àwáyè. Òkè bẹ̀rẹ̀ sí yọ lọ́tùn-ún lósì, àpáta tó dúdú, tó ń dán níbi tí omi òjò ti ṣàn sílẹ̀ lára wọn.

Bó ṣe ku díẹ̀ ká wọ̀lú ni a rí ohun tí mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ kà. Àpáta pẹrẹsẹ kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, ó fẹ̀ ju iwájú Gbọ̀ngàn Màpó lọ, wọ́n sá iṣu sí i láti ìpẹ̀kun dé ìpẹ̀kun. Funfun báláú. Ọ̀pọ̀ ẹni tó ń jẹ àmàlà n'Íbàdàn ò mọ̀ pé orí òkúta ni àmàlà ti ń bẹ̀rẹ̀. Wọn á bó iṣu, wọn á gé e, wọn á bọ̀ ọ́ nínú omi gbígbóná tí kò tíì hó, wọn á fi í sílẹ̀ nínú omi náà di ọjọ́ kejì kí wọ́n tó kó o lọ sórí àpáta. Òkúta ń mú ooru ju ilẹ̀ lọ. Bí oòrùn ṣe ń yan án lókè, bẹ́ẹ̀ ni àpáta ń yan án nísàlẹ̀, atẹ́gùn sì ń gba àárín kọjá. Bí ojú ọjọ́ bá dáa, ọjọ́ díẹ̀ ló máa fi gbẹ táútáú. Bí òjò bá fi pa á kó tó gbẹ, wàhálà dé.

Atẹ́gùn tó ti ń fẹ́ láti àárọ̀ bá dákẹ́ rọ́rọ́. Ìyá Elélùbọ́ yọrí síta lójú fèrèsé, ó bojú wẹ̀yìn, ó ní, "Ó ti dé." Àpá ìlà oòrùn, níbi tí a ti ń bọ̀, ti ṣú bí ìdí ìkòkò. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tó ń sá nǹkan síta, ẹ fi èyí sọ́kàn: ìjì òjò àkọ́rọ̀ sábà máa ń ti ìlà oòrùn wá ni. Ojú ọ̀run tó mọ́ lápá ìwọ̀ oòrùn kì í ṣe ẹ̀rí pé òjò ò ní rọ̀. Atẹ́gùn á kọ́kọ́ dákẹ́, ooru á mú, lẹ́yìn náà ni atẹ́gùn tútù á já dé lẹ́ẹ̀kan náà, òjò á sì tẹ̀lé e.

Ìyá kan àtàwọn ọmọbìnrin mẹ́ta ni wọ́n wà lórí àpáta yẹn. Wọ́n ń fi ìgbálẹ̀ gbá a jọ, wọ́n ń fi apẹ̀rẹ̀ kó o, wọ́n ń sáré. Ẹnikẹ́ni tó bá rí bí àpáta yẹn ṣe fẹ̀ tó á mọ̀ pé wọn ò lè kó o tán. Kò sẹ́ni tó sọ fún ẹnikẹ́ni pé kó sọ̀kalẹ̀. Kí dírẹ́bà tó tẹ bíréèkì tán, ilẹ̀kùn ti ṣí. Ìyá Aláṣọ, tó wọ bùbá tuntun, tú ìró, ó kù ú ku tòbí, ó tẹ́ ìró sílẹ̀, ó ń rọ́ iṣu sí i. Ìyá Ẹlẹ́ja ti Ọjàaba, tó ń ké ẹsẹ̀ láti Mọ́níyà, ni mo rí tó gbé apẹ̀rẹ̀ lérí tó ń sáré gòkè. A kó, a kó, a kó. Atẹ́gùn tútù yẹn dé, ó gbé ìgbálẹ̀ kan lọ. Dírẹ́bà àti ọmọ ọkọ̀ ti já tapólì wa sílẹ̀ lórí ọkọ̀, wọ́n nà án lé ìyókù tí a ò rí kó, wọ́n ń wá òkúta tí wọ́n máa fi tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Atẹ́gùn wọ abẹ́ ẹ̀, ó fà á ya láàárín gbooro bí ẹni ya aṣọ àǹkárá. Wọ́n fi ara wọn dùbúlẹ̀ lé etí ẹ̀ títí òjò fi dá.

Ó tó wákàtí kan. Nígbà tó dá, oòrùn tún yọ bí ẹni pé kò sí nǹkan tó ṣẹlẹ̀, èéfín ń rú lára àpáta. Èyí tí òjò rí pa tó bí ìdá márùn-ún ohun tó sá. Ìyá náà jókòó sórí apẹ̀rẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín, omi ń dà lójú ẹ̀, n ò lè sọ bóyá òjò ni àbí ẹkún. Ó ní, "Owó àjọ tí mo kó lóṣù tó kọjá ni mo fi ra iṣu yìí. Ẹ̀yin ìyá, níbo lẹ ti wá?" A ní Ìbàdàn ni. Ó ní, "Ìbàdàn tó ń kó wa lẹ́rù náà?" Ẹ ò rí i pé Ìyá Aláṣọ ò jẹ̀bi.

Àgbàlá ẹ̀ la gbé mọ́tò wọ̀ lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Ó ní ká wá sùn nínú yàrá, a ní rárá, torí pé àwọn náà pọ̀ nínú ilé. A tẹ́ ẹní, a sùn bí ẹja inú apẹ̀rẹ̀. Yànmùyánmú ò jẹ́ ká gbádùn, òjò tún rọ̀ lóru, òrùlé mọ́tò ń jò níbì kan, orí ẹni tó wà níbẹ̀ ò yé tutù, n ò ní dárúkọ ẹni tó ń hanrun. Ṣùgbọ́n kí a tó sùn, Ìyá Elélùbọ́ àti ìyá tó gbà wá lálejò ti jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ àtùpà, wọ́n ń ṣẹ́ gbodo, wọ́n ń wo inú ẹ̀, wọ́n ń gbóòórùn ẹ̀. Èyí tí òjò pa, kò dà á mọ́ ti rere. Ó yà á sọ́tọ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ àdìrò. Ó ní àwọn alárọ́ọ̀bọ̀ kan á ní kóun dà á pọ̀, pé ta ló máa mọ̀.

Àwa la máa mọ̀, àwọn tó ń jẹ ẹ́ náà á sì mọ̀. Ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ níbí. Ohun tó ń bu lára gbodo, lára àgbàdo àti ẹ̀pà, kì í ṣe ọ̀rọ̀ àwọ̀ àti òórùn nìkan. Oríṣi èbu kan wà tó ń pèsè májèlé tí àwọn onímọ̀ ń pè ní aflatoxin. Májèlé yẹn ń ba ẹ̀dọ̀ jẹ́, tó bá sì pẹ́ lára, ó lè fa jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀. Kíkúnná ò pa á, ríro lórí iná ò pa á tán. Ẹni tó bá lọ gbodo tó ti bu mọ́ èyí tó dáa, tó ní yóò funfun, kò yọ nǹkan kan kúrò níbẹ̀.

Lówùúrọ̀ ọjọ́ kejì, kí á tó di ẹrù, a gun òkè. Èyí ni wọ́n ń pè ní fàájì. Àwa márùn-ún la gùn ún, àwọn mẹ́ta dúró ti àpò. Ọ̀dọ́mọkùnrin ìlú kan ló ṣáájú wa. Àtẹ̀gùn kọnkéré ló wà níbẹ̀, Ìyá Elélùbọ́ ń kà á sókè bí ẹni ń ka àpò lórí ọkọ̀. Nígbà tó lé ní ọgọ́rùn-ún kan, ó jókòó, nígbà tó tún lé ní igba, ó jókòó, ó gbàgbé iye tó kà. Ọmọ náà ní 369 ni, ká má ṣe dààmú ara wa.

Lókè, afẹ́fẹ́ tútù bí omi àmù. Kùrukùru wà nísàlẹ̀ wa, àwa wà lókè ẹ̀, orí àwọn òkè yòókù yọ síta nínú ẹ̀ bí orí erinmi. Ọmọ náà sọ fún wa pé orí òkè yìí ni ìlú wà tẹ́lẹ̀ láyé ogun, pé nígbà tí ayé tòrò ni wọ́n sọ̀kalẹ̀. Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí lára. Àwa ọmọ Òkè'Bàdàn, tí wọ́n sọ ìtàn fún pé àwọn baba wa sá sórí òkè, tí wọ́n ń jẹ òro, tí wọ́n ń jẹ ìgbín, a máa ń rò pé àwa nìkan ni òkè gbà là.

Ó fi òkúta Ìṣàgè hàn wá, òkúta ńlá tó dúró lórí òmíràn bí ẹni pé ọmọdé lè tì í ṣubú. Wọ́n ní láyé àtijọ́, tí òjò bá kọ̀ tí kò rọ̀, aṣọ funfun ni wọ́n máa ń fi bò ó, òjò á sì rọ̀. Ìyá Aláṣọ ní tí aṣọ kankan bá wà lára ẹ̀ lọ́wọ́ yìí, kí wọ́n bá òun bọ́ ọ, òjò àná ti tó.

Adágún Ìyàkẹ́ wá nìyí. Mo ti rí omi rí. Mo mọ Ẹlẹ́yẹlé tí wọ́n sé lọ́dún 1942, mo mọ Aṣéjìrẹ́. Ṣùgbọ́n omi tó dákẹ́ sórí òkè gíga, nínú kòtò àpáta, tí ewéko yí i ká, tí kì í gbẹ lẹ́ẹ̀rùn, ìyẹn jẹ́ tuntun lójú mi. Àwọn èèyàn sábà máa ń fi í wé Hanging Lake tó wà ní Colorado l'Ámẹ́ríkà, tí òun náà wà lára òkè. Ará ìlú gbà pé kò nísàlẹ̀, pé ẹni tó bá kó sínú ẹ̀ kì í padà wá, a ò sì sún mọ́ ọn jù. Wọ́n tún gbà pé omi ẹ̀ ń fún àgàn lọ́mọ. Ọ̀kan nínú wa mú ìgò kan jáde látinú àpò ẹ̀, ó rọra bomi sí i, ó dé e, ó fi aṣọ wé e. Kò sẹ́ni tó bi í léèrè, kò sẹ́ni tó wo ojú ẹ̀. Nígbà tí a sọ̀kalẹ̀ ni Ìyá Elélùbọ́ sọ fún un, láàárín àwọn méjèèjì àti èmi tí mo wà nítòsí, pé omi dáa, ṣùgbọ́n kó mú ọkọ ẹ̀ dání lọ sí ọsibítù, kí wọ́n yẹ àwọn méjèèjì wò, kì í ṣe obìnrin nìkan. Ó gbà kí n kọ ọ́ síbí.

Àrá sán lápá ìlà oòrùn, a sì mọ èdè ẹ̀ wàyí. Orí àpáta kọ́ ni ibi tí èèyàn ń dúró sí nígbà tí àrá bá ń sán. A sọ̀kalẹ̀ kíákíá, a fìdí wọ́ láwọn ibi tí àtẹ̀gùn ti yọ̀, òjò náà bá wa nísàlẹ̀, kò ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ, oòrùn tún yọ.

A di àpò 12, méje sórí ọkọ̀, márùn-ún sínú. Iye tí ìyá náà tà á fún wa, n ò ní kọ ọ́ sínú ìwé, kí ìyà má jẹ ẹ́ lọ́wọ́ àwọn tó kù. Àwọn tó lọ mọ̀ ọ́n, wọ́n á sọ ọ́ nípàdé. A ya tapólì tó ti ya sí méjì, a rán an pọ̀ pẹ̀lú okùn, a fi bo èyí tó wà lókè.

Ó yẹ ká padà sílé látibẹ̀. Ìyá Ẹlẹ́ja ló ní òun ò lè dé Òkè-Ògùn kóun má dé ìdọ̀ Ìkéré, ká padà sí Ìsẹ́yìn ká gba ibẹ̀ lọ. Omi Ògùn ni wọ́n sé níbẹ̀, láyé ìjọba Ṣàgàrí ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ lẹ́yìn 1980. Ibi ìfipamọ́ omi ńlá ni, wọ́n ní tó bá kún, ó lè gba mítà kúbíìkì mílíọ̀nù 690. Iná mànàmáná àti omi oko ni wọ́n torí ẹ̀ ṣe é, iṣẹ́ náà sì dúró sójú ọ̀nà fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ohun tí a rí ni omi tó lọ títí ojú ò ká a, tí ẹ̀fúùfù ń yí àwọ̀ ẹ̀ padà: ó dúdú nígbà tí ìkuukùu bo oòrùn, ó di fàdákà nígbà tó ṣí. Àti àwọn ọkọ̀ apẹja. Ìyá Ẹlẹ́ja ra apẹ̀rẹ̀ epìyà tútù méjì àti àrọ̀ yíyan. Ó nájà débi pé ìrọ̀lẹ́ lé wa níbẹ̀, ẹ̀bi òun nìyẹn, mo ti sọ ọ́ lójú ẹ̀.

Nígbà tí a ń padà lọ sí Ìsẹ́yìn, òjò tó rọ̀ yìí, ti àná àti ti àárọ̀ ò jẹ́ nǹkan kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀. Okùn tó rán tapólì já. A dúró láàárín òjò, a sọ àpò méje yẹn kalẹ̀, a tì wọ́n gba fèrèsé àti ilẹ̀kùn wọlé, ibi tí ẹní wa wà di ilé èlùbọ́, àwa sì jókòó sórí àpò, orí wa ń kan òrùlé. Báyìí la ṣe dé ibi odò kékeré kan. Lọ́sàn-án, a ò mọ̀ pé odò ni. Ní báyìí, omi ti bo afárá, ó pupa, ó ń pariwo.

Dírẹ́bà ní, "Màámi, kò ju orúnkún lọ. Ọkọ̀ kan ṣẹ̀ṣẹ̀ kọjá." Ìyá Ẹlẹ́ja ní, "Orúnkún ta?" Ọmọ ọkọ̀ ní kóun fi ọ̀pá wọ̀n ọ́n. Ìyá ní tó bá fẹsẹ̀ kan inú omi yẹn, òun á bọ́ sílẹ̀ tẹ̀lé e. Àwọn kan nínú wa bẹ̀rẹ̀ sí kùn. Ilé ń pe oníkálukú, ọmọ ń bẹ nílé, ọjà ọ̀la ń bẹ níwájú. Èmi náà wà nínú àwọn tó kùn.

Ó wá sọ ohun tí kì í sọ. Lọ́jọ́ 31 oṣù kẹjọ, 1980, nígbà tí Ògùnpa yalé, létí odò yẹn ni ilé ọkọ ẹ̀ wà. Ọgọ́rọ̀ọ̀rún èèyàn ni omi yẹn gbé lọ n'Íbàdàn. Ó ní àbúrò ọkọ òun náà ló ní kò ju orúnkún lọ. Kò parí ọ̀rọ̀. Ìyá Aláṣọ, tó kéré sí i gan-an, rántí ti 26 oṣù kẹjọ, 2011, nígbà tí afárá kan lẹ́yìn òmíràn wó láàárín ìgboro, tí omi Ẹlẹ́yẹlé kún àkúnya. Kò sẹ́ni tó tún kùn mọ́. Dírẹ́bà yí mọ́tò padà, ó gbé e sórí ilẹ̀ gíga, ó pa ẹ́ńjìnnì.

A fi gààrí àti àrọ̀ yíyan jẹun lókùnkùn, a jókòó sùn lórí àpò èlùbọ́ bí àwọn ìyá wa ṣe ń ṣe. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, omi ti fà. Ẹ̀gbẹ́ kan afárá náà ti ya lọ, ibi tí táyà ọ̀tún ì bá tẹ̀. Dírẹ́bà sọ̀kalẹ̀, ó wò ó, ó dọ̀bálẹ̀ fún Ìyá Ẹlẹ́ja nínú ẹrọ̀fọ̀. Ó rọra gba apá òsì, àwa fẹsẹ̀ kọjá, kò sì wí nǹkan kan títí a fi dé Mọ́níyà.

Ìṣirò wá nìyí. Nínú àpò 12, kò sí èyí tómi kàn. A ti tà á tán, kò sẹ́ni tó dá kóńgò kan padà. Èrè wà níbẹ̀, kò pọ̀ jọjọ, torí pé tapólì tuntun la máa kọ́kọ́ yọ nínú ẹ̀. Ẹni tó pàdánù ni Ìyá Ẹlẹ́ja: apẹ̀rẹ̀ epìyà kan jẹrà pátápátá nítorí òru tí òun fúnra ẹ̀ ní ká sùn sójú ọ̀nà. A ní ká dá owó fún un, ó kọ̀. Ìyá tó wà l'Ádòó-Àwáyè ní òun á fi gbodo ẹ̀ẹ̀rùn tó ń bọ̀ pamọ́ dè wá, bí a bá lè mú tapólì méjì wá fóun, òun á sì sanwó ẹ̀ díẹ̀díẹ̀.

Ìpàdé ń bọ̀ lọ́jọ́ tí a máa ń ṣe é, níbi tí a máa ń ṣe é. Àyè mẹ́jọ náà ló wà nínú bọ́ọ̀sì. Ẹni tó bá fẹ́ lọ, kó mú ẹní tiẹ̀ wá, kó sì san owó epo sílẹ̀ kó má di pé a tún ń yá owó ẹgbẹ́. Ìyá Ẹlẹ́ja ti fi orúkọ ẹ̀ sí ipò kìíní. Ó ní dírẹ́bà yẹn náà lòun fẹ́.